Ọ̀fọ̀ Tí Mo Gbé Lọ sí Ilé Yìnyín

Ẹ̀yin ará Ìwó tí ẹ ti ń yà kí mi kú àbọ̀ láti ìgbà tí mo ti dé, mo dúpẹ́, ẹsẹ̀ yín ò ní kọ. Mo mọ̀ pé ìròyìn Tòróńtò lẹ fẹ́ gbọ́: ilé gogoro, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, bí òyìnbó ṣe ń gbé ayé rẹ̀. Díẹ̀ ni mo rí nínú ìyẹn. Inú ilé yìnyín kan ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ mi, láàárín àwọn ọmọ ọlọ́mọ tí wọ́n ń fi ọ̀pá lé róbà kiri. Ohun tí mo gbé lọ náà kì í sì í ṣe ohun tí aṣọ́bodè lè ní kí n ṣí hàn òun. Ikú ìyá wa ni mo gbé lọ.

Àwọn kan nínú yín wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a sin ín. Mùsùlùmí ni wá, a kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Kí a tó ti itẹ́ òkú dé, àwọn àgbà ilé ti pinnu pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ fún Múfútáù, àbúrò mi, àbígbẹ̀yìn Ìyá, lórí fóònù. Ẹ mọ ìdí rẹ̀. A kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lájò. Ta ni yóò dì í mú bó bá ṣubú? Ta ni yóò fún un lómi mu? Wọ́n ní kí n lọ fúnra mi, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo ilé gbà pé ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Síkírátù ìyàwó rẹ̀ nìkan ni a sọ fún, kó lè máa ṣọ́ ọ títí n ó fi dé.

Físà ò tètè jáde. Kó tó jáde, a ti ka Kùránì fún Ìyá, a ti ṣe sàráà rẹ̀, koríko ti ń hù lórí ilẹ̀ tí a fi bò ó. Múfútáù sì ń pè. À ń sọ fún un pé Ìyá ń sùn, pé Ìyá wà ní balùwẹ̀, pé fóònù Ìyá ti bàjẹ́. Irọ́ kì í pé méjì kó má bímọ. Kí n tó wọ ọkọ̀ òfurufú, àwọn irọ́ wa ti di agbo ilé.

*Ìyá ńkọ́?*

Òtútù ló kọ́kọ́ kí mi lẹ́nu ọ̀nà pápá ọkọ̀ òfurufú Tòróńtò. Kò kí mi dáadáa, ó fọ́ mi létí ni.

Múfútáù ti dúró dè mí, ó gbé ẹ̀wù òtútù ńlá kan dání. Irun rẹ̀ ti funfun, ọkùnrin tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú mi láàárín àwọn èèyàn àti àpótí wọn. Obìnrin òyìnbó kan sáré bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹ́ gbé e dìde, ó ń bi í bóyá kí òun pe dókítà. A rẹ́rìn-ín, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀rín ìgbà yẹn ṣì ń dùn mí.

"Ẹ káàbọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá ńkọ́?"

"Ìyá ní kí n kí ọ."

Ètè mi ló sọ ọ́. Nínú ọkọ̀ òfurufú, mo ti to gbogbo ọ̀rọ̀ tí n ó sọ. N ó ní kó jókòó, n ó sọ̀rọ̀ nípa àgbà tó jẹun ọmọ, tó rí ọmọ-ọmọ, tó sì lọ sinmi. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà pápá ọkọ̀ kì í ṣe ibi tí à ń túfọ̀. Mo ní ó di ìgbà tí a bá délé.

Ọ̀nà náà gùn. A kọjá ní Vaughan, a kọjá ní Woodbridge, a dé Bolton, ohun kan náà ni mo ń rí: ilé ìkẹ́rùsí gbọ̀ngbọ̀nràn tí kò ní fèrèsé, tírélà tò síwájú wọn, ojú ọ̀run wá rí bí eérú. "Ibí ni mo ti kọ́kọ́ ṣe night shift nígbà tí mo dé," ni Múfútáù wí, ó nawọ́ sí ọ̀kan. Nígbà tó ṣe, àwọn ilé náà ń dín kù, sínóò, yìnyín tó ń bọ́ láti ojú ọ̀run, ń pọ̀ sí i, a sì dé ìlú kékeré tí ó ń gbé. N kò ní dárúkọ ìlú náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ti tó wọn.

Mo ń retí ilé. Múfútáù ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n yà níbì kan, kò ní pẹ́. Àwọn ọmọ mi ń gbá eré lónìí."

*Àwọn ọmọ rẹ̀*

Ẹni tó bá sọ fún mi pé àwọn tó ń sá fún òtútù ìta tún kọ́ ilé fún òtútù mìíràn, n ó ní ó ń purọ́. Mo fi ojú ara mi rí i. Inú ilé náà tóbi tó gbọ̀ngàn ìlú wa, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kìkì yìnyín, ó funfun, ó ń dán. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó dé akoto, tí wọ́n wọ bàtà onírin, ń sáré lórí rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé, wọ́n ń fi ọ̀pá gbá róbà dúdú pẹlẹbẹ kan, wọ́n sì ń fi èjìká gbá ara wọn mọ́ ògiri. Họ́kì ni wọ́n ń pè é. Mo bi Múfútáù pé ta ló ń là wọ́n níjà. Ó ní ìjà kọ́ nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń gbá a ni.

Múfútáù ló ń pọ́n irin bàtà wọn. Ẹ mọ̀ pé ilé alápatà ni wọ́n ti bí wa, kò sí ọ̀bẹ tí bàbá wa ò fi kọ́ ọ ní pípọ́n láti kékeré. Ìgbà tó kọ́kọ́ dé ìlú náà, ọkọ̀ rẹ̀ kú sínú sínóò, bàbá òyìnbó kan tó ń jẹ́ Dọ́ọ̀gì, tó ń ṣí ilẹ̀kùn ilé yìnyín náà, gbé e. Wọ́n jọ yà síbẹ̀, Múfútáù rí ẹ̀rọ ìpọ́nrin, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ní ẹ jẹ́ kí n wò ó. Látìgbà yẹn, tó bá ti ṣe shift tirẹ̀ tán, ibẹ̀ ló ń lọ.

Ó mú mi wọ yàrá kótópó tí ẹ̀rọ náà wà. Ohun tí mo rí lókè ẹ̀rọ náà mú kí n di ògiri mú. Ìyá wa ni. Àwòrán tí a yà fún un lábẹ́ igi máńgòrò, ìborùn funfun lọ́rùn rẹ̀, pákò lẹ́nu rẹ̀, ó ń wo èèyàn bí ẹni pé onítọ̀hún jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ní ọdún tí wọ́n gba ife ẹ̀yẹ kẹ́yìn, Múfútáù ní ẹ̀rù ń ba ọmọ tó ń ṣọ́ àwọ̀n. Ó ní òun sọ fún un pé ìyá òun rèé, kò bẹ̀rù màlúù, kò bẹ̀rù ọkọ. Ọmọ náà fi ìbọ̀wọ́ kan àwòrán náà kó tó jáde, róbà kan ò sì wọlé lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, kò sí ẹni tó ń lọ sórí yìnyín láìfọwọ́ kàn án. "Mama" ni wọ́n ń pè é. Pákò ẹnu rẹ̀ yẹn, wọ́n gbà pé ọ̀pá họ́kì ló ń gé jẹ.

"Múfútáù, ṣé ẹbọ kọ́ nìyí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹbọ kọ́. Họ́kì ni."

Bí wọ́n ṣe ń tò kọjá nìyẹn, ọmọ gíga, ọmọ pupa, ọmọ tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ, wọ́n ń fọwọ́ kan ìyá wa tó ti wà nínú ilẹ̀ ní Ìwó, wọ́n sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì kí mi: "Mama ńkọ́?" Dọ́ọ̀gì náà bọ́ fìlà, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n àgbà. Mama ńkọ́?" Obìnrin tó ń ta oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà bi mí bákan náà. Ó bu potéétò díndín fún mi, ó da ọbẹ̀ dúdú lé e, ó tún da wàrà lé e, ó ní ọ̀fẹ́ ni, nítorí Mama. Mo jẹ ẹ́. Ó gbóná, iyọ̀ sì pọ̀ nínú rẹ̀, omi ojú mi náà sì dá sí i.

*Ìtàn tó wà lára ògiri*

Ọ̀nà kan wà nínú ilé náà tí wọ́n fi àwòrán tẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwòrán kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Dọ́ọ̀gì ló mú mi la ọ̀nà náà kọjá. Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ yín kò ràn mí lọ́wọ́, imú ló fi ń sọ tirẹ̀, Múfútáù ló ń túmọ̀.

Ọmọ àgbẹ̀ ni wọ́n níbẹ̀rẹ̀. Tí òtútù bá ti dé, tí oko ti sùn, wọ́n á lọ sórí adágún tó wà lẹ́yìn ilé tí wọ́n ti ń lọ ọkà, tó ti di yìnyín. Àwọn ìyá wọn ló hun jẹ́sì wọn. Ẹni tó ń ṣọ́ àwọ̀n di ìwé ìròyìn àtijọ́ mọ́ ojúgun. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan tó ń sun bíríkì fún wọn ní ilẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn kọ́lé. Sínóò wó òrùlé rẹ̀ lọ́dún kan, wọ́n tún un kọ́ kí òtútù mìíràn tó dé. Ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ gba ife, gbogbo ìlú wa ọkọ̀ tẹ̀ lé wọn. Dọ́ọ̀gì ní àwọn aláìsàn àti màlúù nìkan ló kù nílé. Òun náà wà nínú àwòrán yẹn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, etí rẹ̀ ṣe gbàgà.

Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ni. Ẹni tó bá ti lé ní ogún ọdún, ó tán. Ọ̀nà jíjìn ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá, àwọn ará ìlú á sì gbà wọ́n sílé, wọ́n á máa bọ́ wọn, bí àwa náà ṣe ń fi ọmọ sílé àfáà. Múfútáù àti Síkírátù ti gba mẹ́ta rí. Ọ̀kan nínú wọn kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú ilá, ìyá rẹ̀ sì kọ̀wé wá dúpẹ́.

Mo ṣàkíyèsí nǹkan kan, bí ọ̀gá ilé-ìwé. Nínú àwọn àwòrán àtijọ́, èrò kún ẹ̀yìn àwọn ọmọ náà fọ́fọ́. Bí a ṣe ń rìn síwájú ni èrò ń dín. Nínú ti ọdún tó kọjá, ìjókòó òfìfo ló wà lẹ́yìn wọn. Mo bi wọ́n pé àwọn èèyàn dà. Dọ́ọ̀gì ní àwọn àgbẹ̀ ti ta oko. Àwọn tó rà á kọ́ ilé ìkẹ́rùsí sí i. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọ̀sán wọn ni òru, òru wọn ni ọ̀sán, ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ wòran?

Múfútáù túmọ̀ ìyẹn tán. Ó wá fi Yorùbá sọ tirẹ̀ fún èmi nìkan: "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń dùn mí. Warehouse tó gbé mi dé ìlú yìí náà ló ń pa ẹgbẹ́ yìí."

*Àmín*

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ fún un bí a ṣe délé. Mo gbìyànjú. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, Múfútáù yí padà sí wa, ó na ọwọ́, ó ń ṣàdúà. Ó dé orí Ìyá. Ó ní kí Ọlọ́run fún un ní ẹ̀mí gígùn, kó dá a sí kí òun lè wá rí i lẹ́yìn tí eré ọdún náà bá parí. Síkírátù wo ilẹ̀. Èmi ní "Àmín". Kí ni kí n ní?

Báyìí ni a ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́. Síkírátù, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó níbi iṣẹ́ rẹ̀, tí òkú kì í ṣe àlejò rẹ̀, wá bá mi nídìí síńkì. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un. Mi ò lè ṣe àmín yẹn mọ́. Ó ń há mi lọ́fun."

Mo ní n ó sọ ọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí a bá ti mọ́sálásí dé. Lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, kí a tó ti mọ́sálásí délé, wọ́n pe gbogbo ẹgbẹ́ sí ilé yìnyín, a sì ti ojú ọ̀nà yà síbẹ̀.

Ọkùnrin tó ni ẹgbẹ́ náà ló dúró níwájú wọn, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò ẹ̀wù. Kò kí wọn kú ìrọ́jú. Kò bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè. Ó ní òun ti ta ẹgbẹ́ náà fún ìlú ńlá kan, eré ọjọ́ Sátidé ni ìkẹyìn, ẹ ṣeun. Ó tán. Dọ́ọ̀gì jókòó sórí àga gbọọrọ kan. Ọmọ kan ń sunkún, kò sì fi pa mọ́.

Inú bí mi. Mo ní irú ìwà wo nìyí, ṣé bí wọ́n ṣe ń túfọ̀ níbí rèé? Ẹranko ló ń gba irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lójijì. Mo wá wo Múfútáù, ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì pátápátá, mo sì sọ fún ara mi pé n kò lè gbé òkú kejì lé e lórí lọ́jọ́ kan náà. Ẹ jẹ́ kí Sátidé kọjá ná. Ẹ wo bí mo ṣe jẹ́ èèyàn rere tó.

*Jẹ́sì Mama*

Wọ́n pàdánù. Bí àlọ́ ni, wọn ìbá borí. Họ́kì ni, àwọn àlejò gbá wọn bí ẹní gbálẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé yìnyín náà kún lọ́jọ́ náà. Àwọn tí kò wá láti ọdún mélòó kan ló wá, bí èèyàn ṣe ń pọ̀ nílé ẹni tó ti kú. Nígbà tó parí, wọ́n bọ́ sí ọ̀nà tí àwòrán wà, olúkúlùkù sì ń yọ ọdún tí ọmọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Dọ́ọ̀gì yọ tirẹ̀, èyí tí etí rẹ̀ ti ṣe gbàgà. Ògiri náà kù ní òfìfo, pẹ̀lú ìṣó.

Múfútáù wà nínú yàrá ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń nù ún bí ẹni pé eré wà lọ́la. Àwọn ọmọ náà wọlé, wọ́n kún yàrá náà, àwọn tí kò ráyè dúró lẹ́nu ọ̀nà, Dọ́ọ̀gì sì wà lẹ́yìn wọn. Kápútẹ́ẹ̀nì wọn gbé jẹ́sì kan síwájú mi. Gbogbo wọn ló ti kọ orúkọ sí i lára. Lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí orúkọ ẹni tó ń gbá a máa ń wà, MAMA ni wọ́n kọ. Ọmọ náà ní kí n jọ̀ọ́ bá àwọn fún un, kí n sọ fún un pé àwọn gbìyànjú.

N kò gbà á.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà á lọ́wọ́ ọmọ," ni Múfútáù wí, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. "Ìyá á wọ̀ ọ́ lọ sí Jímọ̀."

Mo ní, "Múfútáù, jókòó."

Kò jókòó. Ọmọ Yorùbá ni. Ẹni tí àgbà bá ní kó jókòó kó tó sọ̀rọ̀ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀rín náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

"Ìgbà wo?"

"Kí òjò tó dá ni."

"Òjò wo? Èmi wà níbi tí òjò wà ni? Lọ́jọ́ tí mo pè yín, tí mo ní a na àwọn ará Woodbridge, tí ẹ ní Ìyá ń sùn?"

"Ó ti lọ."

"Lọ́jọ́ tí mo ní kí ẹ bá mi sọ fún un pé sínóò àkọ́kọ́ ti bọ́?"

"Ó ti lọ, Múfútáù."

Ó wo àwòrán náà. Ó wo àwọn ọmọ náà, tí wọn ò gbọ́ èdè wa, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń wo ojú wa. "Òkú ni wọ́n ń fọwọ́ kàn látìgbà náà. Èmi ni mo sì ń sọ pé kí wọ́n fọwọ́ kàn án."

Mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àgbà tí mo tò. Mo ní a kò fẹ́ kó dá wà ni, a kò fẹ́ kó gbọ́ ọ níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò dì í mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, kò pariwo, "ṣé mo dá wà?"

Yàrá náà kún dé ẹnu ọ̀nà. Kò sí bí ọkùnrin ṣe lè ṣubú níbẹ̀ kó kanlẹ̀.

Ó sì kọjú sí wọn, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, pé ìyá òun ti kú, ó sì ti pẹ́. Ó sọ ọ́ bí ọkùnrin ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ṣe sọ tirẹ̀. Dọ́ọ̀gì bọ́ fìlà. Àwọn ọmọ náà súnmọ́ ọn, wọ́n dì í mú, gbogbo wọn, pẹ̀lú òógùn àti aṣọ eré wọn, títí n kò fi rí orí rẹ̀ mọ́. Èmi tí mo ti ilé wá láti dì í mú, ìta ni mo wà.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ náà ti ń di ẹrù. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti túká, oníkálukú sí ìlú rẹ̀, Dọ́ọ̀gì sì lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà ilé wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí. Gbogbo ìgbà tí ó ní èèyàn tí yóò dì í mú, a dákẹ́. Ìgbà tí wọ́n ń túká gan-an la túfọ̀ fún un.

*Ilé*

Jẹ́sì náà wà lọ́dọ̀ mi. Mo gbé e wá, nítorí kápútẹ́ẹ̀nì yẹn tún gbé e fún mi, ó ní ti Mama ṣì ni. Inú àpótí Ìyá ni mo fi í sí, láàárín àwọn ìborùn rẹ̀. Àwòrán tó wà lókè ẹ̀rọ, Múfútáù ló yọ ọ́ fúnra rẹ̀. N kò mọ ibi tó fi sí, n kò sì lè bi í.

Nígbà tí mo dé, ẹ̀yin àgbà pè mí jọ, ẹ bi mí bóyá mo fi ẹnu àgbà sọ ọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ní ó gbà á dáadáa? Mo ní ó gbà á bí ọkùnrin. Ẹ ṣàdúà fún mi. Mo ní àmín, ó ti mọ́ mi lẹ́nu.

Ó ṣì ń pè. Ẹ má rò pé ó bínú títí tí kò pè mọ́. Ọmọ dáadáa ni ìyá wa bí. Ṣùgbọ́n kì í sọ pé ẹ káàárọ̀ mọ́, kì í béèrè ọjà, kì í béèrè òjò. Bí mo bá ti gbé fóònù báyìí, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ ni, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló kú?"

N ó ní kò sẹ́ni tó kú. N ó máa gbọ́ bó ṣe ń mí. Kò gbà mí gbọ́.